Ọjọ́ Mẹ́jọ Lójú Ọ̀nà Àwọn Òǹkọ̀wé: Láti Eatonton Dé Ibojì Zora

Àbúrò ìyá mi wá kí wa ní Atlanta láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi ṣe tíṣà, ojú wọn kì í sì í kúrò lára ìwé. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n dé ni wọ́n rí The Color Purple, ìwé Alice Walker, láàárín àwọn ìwé mi. Wọ́n ní àwọn ti kà á rí, ẹ̀dà kan ṣoṣo tí àwọn tíṣà ilé ìwé wọn ń gbà lọ́wọ́ ara wọn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi já.

"Ṣé ìlú obìnrin tó kọ ọ́ jìnnà síbí?"

Mo ní kò tó wákàtí méjì.

"Ọdún mọ́kànlá lo ti ń gbé níbí, o ò sì tíì débẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo yẹ mọ́tò wò, mo ra omi páálí méjì. Ohun tí mò ń kọ sílẹ̀ lálaalẹ́ nìyí. Mo kàn tún un tò díẹ̀ ni, kí ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà kan náà lè rí nǹkan mú nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kìíní, Ọjọ́ Ajé: Atlanta sí Eatonton

A kúrò nílé laago mẹ́fà àárọ̀ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀. A gba I-20 títí dé Madison, a yà sí ọ̀nà 441. Láti ibẹ̀ lọ, igi páìnì ni, màlúù ni, ṣọ́ọ̀ṣì kéékèèké ni. Oṣù kẹfà ni, oòrùn ti mú ganrínganrín kí aago mẹ́sàn-án tó lù.

Ère ehoro kan tó wọṣọ bí ènìyàn ló wà níwájú ilé ẹjọ́ Eatonton. Ehoro inú ìwé Joel Chandler Harris ni. Ọmọ ìlú náà ni Harris, òun ló kọ ìtàn Uncle Remus, bàbá arúgbó dúdú tó ń pa àlọ́, jáde ní 1880. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé tó ń kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé ní oko ńlá kan lẹ́yìn ìlú, ahéré àwọn ẹrú ló máa ń lọ jókòó sí lálẹ́ tí yóò máa gbọ́ àlọ́. Àwọn àlọ́ yẹn ló wá kọ. Mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n fi rántí rẹ̀ kò tóbi, pákó ahéré ẹrú ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. A dé ibi àwòrán ehoro tó lẹ̀ mọ́ ère ọ̀dà, Àǹtí mi dúró sójú kan.

"Ìjàpá nìyí!"

Wọ́n kọjú sí obìnrin tó ń mú wa káàkiri, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa á fún un: bí Ìjàpá ṣe ń jí nǹkan oko, tí olóko gbẹ́ ère, tó fi àtè pa á lára, tí Ìjàpá kí ère, tí ère kò dáhùn, tó gbá a létí, tí ọwọ́ lẹ̀, tó fi ọwọ́ kejì gbá a, tí ìyẹn náà lẹ̀, tó ta á nípàá, tó forí kàn án. Obìnrin náà la ẹnu sílẹ̀. Ó ní bí ehoro tiwọn náà ṣe ṣe é gẹ́lẹ́ nìyẹn, àti pé kíkí tó kí i tí kò jẹ́ yẹn náà ló bí i nínú.

Inú mi dùn, ṣùgbọ́n kò dùn dénú. Ìlú yìí kan náà ni wọ́n bí Alice Walker sí ní 1944, ó sì ti kọ ọ́ gbangba pé ogún àwọn ni Harris kó lọ. Nígbà èwe rẹ̀, ilé oúnjẹ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ Uncle Remus. Ère bàbá arúgbó dúdú kan jókòó sójú fèrèsé rẹ̀, àmọ́ ènìyàn dúdú tó ń mí kò gbọdọ̀ wọlé jẹun.

Lọ́sàn-án, a wá Wards Chapel Road lọ, níbi ṣọ́ọ̀ṣì AME, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àwọn ènìyàn dúdú, tí ìdílé Walker ń lọ. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀ ti ń dáko, ọmọ mẹ́jọ ni wọ́n bí, òun sì ni àbíkẹ́yìn. Àǹtí mi jókòó sínú mọ́tò, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, wọ́n ka ojú ewé àkọ́kọ́ The Color Purple sókè. Celie, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ló ń kọ lẹ́tà sí Ọlọ́run. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà lẹ́nu rẹ̀ ló ṣe kọ ọ́, kò fọ̀ ọ́, kò lọ̀ ọ́. Ìwé náà jáde ní 1982. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ló gba ẹ̀bùn Pulitzer fún ìtàn àròsọ, obìnrin dúdú kankan kò sì gbà á rí ṣáájú Walker.

Wọ́n pa ìwé dé. "Nígbà tí mò ń kà á nílé, báírò pupa ló ń yún mi lọ́wọ́. Gbogbo gbólóhùn ibẹ̀ ló jọ èyí tí mo máa ń fàlà sí fún àwọn ọmọ."

"Lónìí ńkọ́, Àǹtí?"

"Lónìí, mò ń gbọ́ ọmọ náà."

Ẹ kọ ọ̀nà ibẹ̀ sórí ìwé kí ẹ tó lọ. Nẹ́tíwọọ̀kì fóònù mi kú pátápátá nígbà tí a yà kúrò ní títì ńlá.

Ọjọ́ kejì, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Milledgeville, a sì kọjá sí Alabama

Ogún máìlì ó lé díẹ̀ ló kù ká dé Milledgeville. Ẹ̀gbẹ́ títì ni ọkùnrin kan ti ń ta ẹ̀pà sísè láti inú ìkòkò ràgàjì, dọ́là márùn-ún fún ife kan. Àǹtí mi fi eyín la ọ̀kan, wọ́n fa omi iyọ̀ inú rẹ̀ mu kí wọ́n tó jẹ ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin náà wò wọ́n títí, ó bu ife kejì lé e, kò gba kọ́bọ̀. Ó ní àlejò púpọ̀ máa ń yọ ṣùtì sí ẹ̀pà tó bá rọ̀, òun sì mọ ẹni tí wọ́n fi ẹ̀pà sísè tọ́ tí òun bá rí i. Ó bá wa yan apẹ̀rẹ̀ èso píìṣì kan náà, dọ́là méjìlá. Ẹ fi apẹ̀rẹ̀ yẹn sọ́kàn.

Andalusia ni orúkọ oko Flannery O'Connor, òǹkọ̀wé. Ilé funfun ni, ó ní fàráńdà gígùn tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì yí ká. Àìsàn tí wọ́n ń pè ní lupus ló pa bàbá O'Connor. Nígbà tí àìsàn náà mú òun náà, ó padà wá gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ níbí ní 1951, ó sì ń kọ̀wé títí ó fi kú ní 1964. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì ni. Iyàrá ìsàlẹ̀ ni wọ́n fún un nítorí kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Ọ̀pá méjì tó ń fi sábẹ́ abíyá rìn ṣì wà nínú iyàrá yẹn. Mo wo ọ̀pá náà, mo ronú kan A Good Man Is Hard to Find, ìwé ìtàn kúkúrú tó jáde ní 1955. Àwọn ìyá arúgbó inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé orí fàráńdà yẹn gan-an ni wọ́n jókòó sí. Ẹyẹ ọ̀kín ni O'Connor fẹ́ràn láti máa sìn, ọ̀kín sì ṣì wà nínú ọgbà náà lónìí. Èyí akọ na ìrù fún Àǹtí mi, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un bí ọmọdé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá lọ síbẹ̀ mọ̀ nìyí. Ní 1952, ọ̀nà kan náà tó ti Eatonton lọ sí Milledgeville ni O'Connor àti Alice Walker ń gbé, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ló wà láàárín wọn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Walker, orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni ìdílé rẹ̀ wà. Nígbà tí òun àti ìyá rẹ̀ padà wá wò ó ní 1974, ilé tiwọn ti ń wó, ilé O'Connor sì dúró digbí, ẹnì kan ń tọ́jú rẹ̀. Walker fẹ́ràn ìwé O'Connor púpọ̀, síbẹ̀ ó kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ ilé méjì yẹn ká òun lára. Ó ká èmi náà lára. Mo ń wo igbó lọ́tùn-ún lósì bí a ṣe ń kúrò níbẹ̀.

A gba Macon dé Columbus, ìlú tí wọ́n bí Carson McCullers sí, ẹni tó kọ The Heart Is a Lonely Hunter jáde ní 1940 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ilẹ̀ ti ṣú, a ò dúró. Bí ẹ bá sọdá odò Chattahoochee sí Alabama, aago yóò padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. A gbàgbé. A ti dé ẹnu ọ̀nà ibi tí a fẹ́ lọ lọ́jọ́ kejì kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, a jókòó sínú mọ́tò, a ń jẹ píìṣì.

Ọjọ́ kẹta, Ọjọ́rú: Tuskegee

Yunifásítì Tuskegee ni Booker T. Washington dá sílẹ̀ ní 1881. Ẹrú ni wọ́n bí i. Up from Slavery, ìwé ìtàn ayé rẹ̀, jáde ní 1901. Ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe bíríkì tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan wọ́n bí ẹ bá débẹ̀, ẹ ó rí i pé wọn kò dọ́gba.

Ère rẹ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1922 ni mo fẹ́ kí Àǹtí mi rí. Washington dúró, ẹrú kan jókòó sábẹ́ rẹ̀, Washington sì di aṣọ tó bo ẹrú náà lórí mú. Wọ́n ní ó ń ká aṣọ àìmọ̀kan kúrò ni. Ralph Ellison kẹ́kọ̀ọ́ níbí láti 1933 sí 1936, orí ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù ló fi pamọ́ dé ilé ìwé. Nínú Invisible Man tó kọ jáde ní 1952, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró níwájú irú ère yìí, kò sì mọ̀ bóyá wọ́n ń ká aṣọ náà kúrò ni tàbí wọ́n ń fà á bò ó lójú dáadáa.

Àǹtí mi yí ère ká lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wo ọwọ́, wọ́n wo aṣọ, wọ́n wo ojú ẹni tó jókòó. Wọn ò sọ nǹkan kan títí a fi dé ibi oúnjẹ.

Ẹja àrọ̀ díndín, ẹ̀fọ́, ilá àti búrẹ́dì àgbàdo: dọ́là mẹ́rìnlá fún ènìyàn kan, a ò sì lè jẹ ẹ́ tán. Notasulga wà nítòsí, ibẹ̀ ni wọ́n bí Zora Neale Hurston sí ní 1891, òǹkọ̀wé obìnrin dúdú tí a ń lọ wo ibojì rẹ̀. A wakọ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá. Montgomery la sùn. Ilé tí F. Scott Fitzgerald, ẹni tó kọ The Great Gatsby, bá ìyàwó rẹ̀ gbé fún ìgbà díẹ̀ wà níbẹ̀, ó ti di mùsíọ́ọ̀mù. Ẹsẹ̀ Àǹtí mi ti wú, a fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin, Ọjọ́bọ̀: Monroeville

Táyà bẹ́ ní ọ̀nà 84, ìlú kankan kò sí nítòsí. Sípíà wà, jáàkì wà, àmọ́ nọ́ọ̀tì ti lẹ̀ mọ́ irin, agbára mi kò ká a. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú tí a fi dúró nínú oòrùn. Bàbá òyìnbó kan tó gbé ajá sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré rẹ̀ ló dúró fún wa. Ó gun orí sípánà, ó fi ìwọ̀n ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, nọ́ọ̀tì náà ké, ó tú. Mo na ogún dọ́là sí i, ó fọwọ́ kọ̀ ọ́. Àǹtí mi fún un ní píìṣì mẹ́ta, ìyẹn ló gbà. Nígbà tó gbọ́ ibi tí à ń lọ, ó ní ọdọọdún ni àwọn ará Monroeville fúnra wọn máa ń fi To Kill a Mockingbird, ìtàn ẹjọ́ ọkùnrin dúdú kan, ṣeré nígbà ìrúwé, àárín òǹwòran ni wọ́n sì ti máa ń mú ọkùnrin méjìlá jókòó bí àwọn tó ń bá adájọ́ gbọ́ ẹjọ́. Wọ́n ti mú òun rí. Ó ní òun mọ bí ẹjọ́ náà ṣe parí nínú ìwé kí òun tó jókòó, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kí àwọn dá ọkùnrin náà lẹ́bi, ọ̀fun òun gbẹ.

Ẹ yẹ sípánà àti nọ́ọ̀tì yín wò nílé, kì í ṣe sípíà nìkan.

Ilé ẹjọ́ àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1903 ti di mùsíọ́ọ̀mù. Iyàrá ìgbẹ́jọ́ rẹ̀ rí roboto bí ẹyin. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ìwé náà ṣe fíìmù tó jáde ní 1962, wọ́n wá wọn iyàrá yìí, wọ́n sì kọ́ irú rẹ̀ sí Hollywood. Àǹtí mi ò dúró nísàlẹ̀ o. Wọ́n gun òkè lọ sí bákónì, níbi tí àwọn ènìyàn dúdú máa ń jókòó sí nígbà náà, tí àwọn ọmọ agbẹjọ́rò inú ìwé náà sì ti wo bàbá wọn. Pákó ìjókòó le, ooru òkè sì pọ̀.

Harper Lee kọ ìwé náà jáde ní 1960, ó gba Pulitzer ní 1961, ó sì lé ní ogójì mílíọ̀nù ẹ̀dà tí wọ́n ti tà. Mo fẹ́ràn ìwé náà láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Ṣùgbọ́n lórí bákónì yẹn, Àǹtí mi bi mí léèrè pé ojú ewé mélòó ni Tom Robinson, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, fi sọ̀rọ̀. Díẹ̀ ni. A mọ ohun tí gbogbo ará ìlú ń rò nípa rẹ̀, ohùn tirẹ̀ la ò gbọ́ tó. Nígbà náà ni mo rán wọn létí Calpurnia, obìnrin dúdú tó ń tọ́jú àwọn ọmọ náà. Ó mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, wọ́n gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ bí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́, wọ́n bi í pé ṣebí ó mọ èyí tó dáa jù. Ó dá wọn lóhùn pé kò yẹ kí òun máa sọ ti ilé àwọn òyìnbó láàárín àwọn ènìyàn òun.

Àǹtí mi dákẹ́. Wọ́n ní, "Ka ibẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ilé Lee kò sí mọ́. Ibi tí wọ́n ti ń ta áísìkirimù ni ibẹ̀ dà báyìí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ògiri òkúta díẹ̀ ló kù nínú ilé tí Truman Capote, òǹkọ̀wé, gbé nígbà èwe. Ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì láti kékeré. Capote ni Lee fi ṣe ọmọkùnrin tó ń jẹ́ Dill nínú ìwé rẹ̀, Lee sì bá a lọ sí Kansas nígbà tí Capote ń wádìí ọ̀rọ̀ ìwé rẹ̀, In Cold Blood. A ra áísìkirimù, a jókòó níbi tí ilé náà wà. Kò sí ẹni tó lé wa.

Ọjọ́ karùn-ún, Ọjọ́ Ẹtì: Africatown, Mobile

Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì Africatown Heritage House sílẹ̀ kí ẹ tó lọ, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gba ènìyàn wọlé. Oṣù keje 2023 ni wọ́n ṣí i.

Ní 1860, tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú léèwọ̀ fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, ọkọ̀ ojú omi Clotilda ṣì kó bí ènìyàn 110 láti Ouidah wá sí Mobile. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà kí àṣírí má bàa tú. 2019 ni wọ́n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òun ni wọ́n rí nísàlẹ̀ odò. Díẹ̀ lára pákó rẹ̀ wà níbẹ̀, inú omi ni wọ́n fi wọ́n pamọ́ sí kí wọ́n má bàa rún. Wọ́n dúdú, wọn ò sì ju ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé lọ. Àǹtí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan gíláàsì.

Nígbà tí òmìnira dé ní 1865, wọn kò rówó ọkọ̀ padà sílé. Wọ́n tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ní kí wọ́n lọ kó wọn wá, ó kọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n tu owó jọ, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n sì tẹ Africatown dó. Ọ̀kan nínú wọn ni Oluale Kossola, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Cudjo Lewis, ọmọ Yorùbá láti agbègbè Bantè ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Ọmọ ogun Dàhòmì ló kó ìlú wọn.

Ọ̀dọ̀ Kossola ni Zora Neale Hurston wá ní 1927 àti 1928. Ó pè é ní orúkọ tó gbé wá láti òkè òkun, omi bọ́ lójú baba náà, ó ní kò sí ẹlòmíràn tó tún ń pe òun bẹ́ẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀, ọgbà rẹ̀ ló máa ń roko. Zora á jókòó tì í, wọ́n á jọ jẹ bàrà olómi, tàbí kó gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wá fún un, tàbí èso píìṣì láti Georgia. Nígbà tó fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀, baba wọ kóòtù rẹ̀ tó dára jù, ó sì bọ́ bàtà. Ó ní òun fẹ́ kó dà bí ìgbà tí òun wà ní Áfíríkà. Àárín itẹ́ òkú, níbi tí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà, ló ní kí wọ́n ti ya òun.

Ọmọ mẹ́fà ló bí. Ó sin ọmọ, ó tún sin ọmọ. Ọ̀kan jáde nílé kò sì padà mọ́. Ó kẹ́yìn ìyàwó àti gbogbo ọmọ rẹ̀, ó kú ní 1935.

Zora parí ìwé Barracoon ní 1931. Bí Kossola ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an ló ṣe kọ ọ́. Ilé iṣẹ́ atẹ̀wé kan fẹ́ ẹ, wọ́n ní kó kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ baba náà ṣe sí èdè òyìnbó tó gún. Zora kọ̀. Ìwé náà kò jáde títí di 2018.

Mo ń ṣàlàyé èyí fún Àǹtí mi lórí àga níta, igi ń ṣíji bò wá. Wọ́n di báàgì wọn mú sórí itan.

"Ní ilé ìwé tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́," wọ́n ní, "ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì, á san kọ́bọ̀ márùn-ún. Èmi ló ń gbà á. Ọmọkùnrin kan wà, wọn ò lówó nílé rẹ̀. Kó má bàa jẹ gbèsè, ó dákẹ́. Odindi táàmù kan, kò la ẹnu. Mo kọ ọ́ sí ìwé èsì rẹ̀ pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni."

N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo di ọwọ́ wọn mú.

Ère orí Kossola wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Union Baptist. Ibojì rẹ̀ wà ní itẹ́ òkú Plateau, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì náà. Òkúta funfun ni, ó ga. Píìṣì mẹ́rin ló ṣẹ́ kù nínú apẹ̀rẹ̀. Àǹtí mi nu ọ̀kan pẹ̀lú ìdí ìró wọn, wọ́n gbé e sí ẹsẹ̀ òkúta. Ọmọ Bàptíìsì Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọ́n rí i pé mò ń wò wọ́n. "Kì í ṣe ètùtù. Ilé àgbà là ń bọ̀, a ò lè mú ọwọ́ dání lásán wá." Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sì kí i ní Yorùbá: ẹ kú àtijọ́, ẹ kú ọjọ́ pípẹ́, ẹ kú àárò ilé.

Ọjọ́ kẹfà, Àbámẹ́ta: I-10

Òjò láti Pensacola dé Tallahassee. Ó lé ní wákàtí mẹ́jọ tí a fi wà lórí ìjókòó. Nígbà tí a dé Orlando, ilé ìtura tí a ti san owó rẹ̀ ti fi yàrá wa fún ẹlòmíràn. Obìnrin ará Haiti kan tó ń tọ́jú ibẹ̀ ló jókòó ti fóònù títí ó fi rí yàrá fún wa níbòmíràn, dọ́là mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, ó sì gbé tíì gbígbóná fún Àǹtí mi nígbà tí a ń dúró. Ẹ máa tẹ ìwé owó tí ẹ san jáde; òun ló gbà wá.

Ọjọ́ keje, Ọjọ́ Àìkú: Eatonville

Àwọn ènìyàn dúdú ló tẹ Eatonville dó, wọ́n sì gba ìwé ìlú ní 1887. Mẹ́yọ̀ wọn, ọlọ́pàá wọn, olùdìbò wọn, dúdú ni gbogbo wọn. Ibẹ̀ ni Zora dàgbà sí. Oníwàásù Bàptíìsì ni bàbá rẹ̀, ó sì ṣe mẹ́yọ̀ rí.

A lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n ní kí àlejò dìde, Àǹtí mi dìde, wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti wá, ìjọ pariwo. Lẹ́yìn ìsìn, wọn ò jẹ́ ká lọ: adìyẹ díndín, ẹ̀wà, mákarónì, oríṣi kéèkì mẹ́rin. Díkónì kan mú wa jáde, ó nawọ́ sí ibi tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù Joe Clarke wà nígbà náà lójú ọ̀nà tó la ìlú já. Fàráńdà ṣọ́ọ̀bù yẹn ni àwọn àgbà ti máa ń parọ́ dídùn fún ara wọn, tí Zora ń gbọ́. Ó padà wá gbà wọ́n sílẹ̀ nínú Mules and Men tó jáde ní 1935. Àwọn aláròsọ orí fàráńdà náà ló tún kún inú Their Eyes Were Watching God, ìtàn Janie àti ọkọ mẹ́ta tó fẹ́. Ọ̀sẹ̀ méje ló fi kọ ọ́ ní Haiti. Nígbà tó jáde ní 1937, Richard Wright, tí òun náà jẹ́ òǹkọ̀wé dúdú, bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ó ní ó ń fi ènìyàn dúdú ṣe ìran fún òyìnbó. Mo ka ìwé Wright, mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohùn Janie. Ìdílé tó jókòó tì wá nídìí oúnjẹ lónìí, bí Janie ni wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, kò sì sí òyìnbó kankan níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣe é fún.

Bí ẹ bá lè wá ní oṣù kìíní, ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń ṣe ọdún Zora.

Ọjọ́ kẹjọ, Ọjọ́ Ajé: Fort Pierce

Wákàtí méjì ni sí ìhà gúúsù. Ilé ìtọ́jú aláìní ni Zora kú sí níbí ní oṣù kìíní 1960. Àwọn aládùúgbò ló dáwó sin ín, owó náà kò tó ra òkúta. Wọ́n ti ń sun ẹrù rẹ̀ nígbà tí ọlọ́pàá dúdú kan tó mọ̀ ọ́n ń kọjá lọ, tó sì fi omi pa iná náà. Díẹ̀ nínú ìwé tó fi ọwọ́ kọ ṣì wà ní Yunifásítì Florida, etí wọn jó.

Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn náà, ní 1973, Alice Walker wá. Ó wọ inú koríko tó ga dé ìbàdí, ó ń pe Zora lórúkọ, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi rì sínú ihò kan. Ibẹ̀ ló gbé òkúta lé. A rí òkúta náà láìṣe wàhálà, itẹ́ òkú náà mọ́ tónítóní. Ohun tí Walker ní kí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé olóye pípé ilẹ̀ Gúúsù ló sùn síbí.

1901 ni òkúta náà sọ pé wọ́n bí i. Mo sọ fún Àǹtí mi pé 1891 ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Zora nígbà tó fẹ́ padà sí sẹ́kọ́ńdírì ní Baltimore, kò lówó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀fẹ́ kò sí fún ẹni tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ló bá yọ ọdún mẹ́wàá kúrò, kò sì dá a padà mọ́ títí ó fi kú.

Àǹtí mi fi ìka tọ nọ́ńbà náà. "Nítorí ilé ìwé," wọ́n ní. "Nítorí àtijókòó sí kíláàsì."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fa koríko tó yọ létí òkúta, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo etí rẹ̀ fi mọ́. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán, wọn ò dìde títí wọ́n fi ṣe é tán.

Alẹ́ yìí, nínú yàrá, wọ́n ní kí n gbé fóònù mi wá, kí n fi í gba ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní àlọ́ Ìjàpá àti ère tí àwọn pa ní Eatonton, òyìnbó ni àwọn fi pa á, orin inú rẹ̀ kò sì ṣeé dá lédè òyìnbó. Bí ìyá wọn ṣe ń pa á ni wọ́n fẹ́ pa á báyìí, pẹ̀lú orin rẹ̀, lóhùn Ògbómọ̀ṣọ́. Mo gbé fóònù lé ìrọ̀rí láàárín wa, mo tẹ̀ ẹ́, iná pupa rẹ̀ tàn.

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"